Ààbò láti ìbàdí dé kókósẹ̀ nínú họ́kì orí síkéètì: èwo ló yẹ ká rà?

Ẹni tó bá wọ ilé ìtajà họ́kì ní Amẹ́ríkà tàbí Kánádà yóò rí i pé ọjà àwọn tó ń gbá a lórí yìnyín ló gba gbogbo pẹpẹ. Ti àwa tó ń gbá a lórí síkéètì, bàtà onítáyà, máa ń wà ní igun kan lẹ́yìn, bí ó bá tilẹ̀ wà rárá. Bí ẹ bá béèrè, wọ́n á ní kò sí ìyàtọ̀, kí ẹ ṣáà mú èyí tó bá yín mu. Ìyàtọ̀ wà. Ilẹ̀ tí a ń ṣubú lé yàtọ̀, ohun tó ń gbá wa lẹ́sẹ̀ náà yàtọ̀. Àwọn méjèèjì yìí ló yẹ kó pinnu ohun tí a ó wọ̀, kì í ṣe iye owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn.

Lórí yìnyín, ẹni tó ṣubú máa ń yọ̀ lọ ni, agbára ìṣubú náà a sì máa tán díẹ̀díẹ̀. Lórí táìlì ike tí wọ́n tẹ́ sínú gbọ̀ngàn, lórí kọnkéré, àgàgà lórí ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì, ara kì í rí ibi yọ̀ sí. Egungun ló máa gba agbára yẹn, bí ara bá sì fà nílẹ̀ díẹ̀, awọ á bó. Pọ́ọ̀kì ni ohun pẹlẹbẹ róbótó tí a ń fi ọ̀pá gbá. Ti orí yìnyín jẹ́ rọ́bà tó le, ó wúwo tó gíráàmù 156 sí 170. Ti orí táyà fúyẹ́ jù ú lọ, ike ni wọ́n fi ṣe é, ó sì ní àwọn kókó kéékèèké lára tó ń jẹ́ kó lè rìn lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Bákan náà, àwọn àgbàlagbà tó ń gbá a lórí yìnyín lè fi ara gba ẹnìkejì mọ́ ògiri, òfin á sì gbà fún wọn. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Nítorí náà, aṣọ tí wọ́n rán nítorí ìkọlù àti ògiri a máa kó tìmùtìmù jọ síbi tí kì í sábà dùn wá, á sì fi ibi tó ń bó sílẹ̀ láìbò.

Irú họ́kì wo lẹ ń gbá?

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Inline ni èyí tí táyà síkéètì rẹ̀ tò tẹ̀léra ní ìlà kan. Òun ló gbòde ní Amẹ́ríkà, láti ìgbà tí Scott Olson, ará Minnesota tó ń gbá họ́kì orí yìnyín, ti bẹ̀rẹ̀ Rollerblade, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú síkéètì bẹ́ẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Èkejì ni ti síkéètì onítáyà mẹ́rin, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù líle gbá pẹ̀lú ọ̀pá kúkúrú tó tẹ̀ lẹ́nu. Pọ́túgà, Spéìnì, Ítálì àti Ajẹntínà ni ọ̀gá nínú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé kò dé Áfíríkà: Àǹgólà gbá a ní Òlíḿpíìkì Barcelona ní 1992 nígbà tí wọ́n fi ṣe eré àfihàn, Mòsáḿbíìkì ṣe ipò kẹrin nínú ìdíje àgbáyé rẹ̀ ní 2011, Luanda àti Namibe sì gba ìdíje náà lálejò ní 2013.

Bọ́ọ̀lù yẹn wúwo tó gíráàmù 155, ìyípo rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 23, òfin kò sì fẹ́ kó fò kọjá mítà kan àbọ̀ nínú eré. Ẹsẹ̀ ló máa ń bá. Ohun tí àwọn òṣèré rẹ̀ ń wọ̀ kéré ju tiwa lọ: ṣòkòtò péńpé, ìbọ̀sẹ̀ gígùn, ààbò ojúgun tó tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ìbọ̀sẹ̀ náà, àti ààbò orúnkún lọ́tọ̀. Ilẹ̀ pákó tàbí kọnkéré dídán ni wọ́n ń gbá a lé lórí, ìyẹn kì í sì í bó awọ tó ọ̀dà. Bó bá jẹ́ oníbọ́ọ̀lù lẹ ń gbá, ẹ má náwó sórí ṣòkòtò gígùn. Ẹ fi owó yẹn ra ojúlówó ààbò orúnkún. Inline ni mo ń bá lọ láti ibí yìí.

Ààbò ojúgun

Bí owó bá wà fún ohun kan ṣoṣo, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ìbéèrè tí gbogbo ọmọ Yorùbá á kọ́kọ́ bi ni pé ṣé èyí tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kò tó ni? Kò tó. Nítorí bàtà ẹlòmíràn ni wọ́n ṣe tibẹ̀, abẹ́ orúnkún ló sì ń parí sí. Àwọn kan á wá so ààbò orúnkún ti síkéètì lásán mọ́ ọn lókè. Ó dára ju kéèyàn má wọ nǹkan kan lọ, ṣùgbọ́n àlàfo máa ń wà láàárín àwọn méjèèjì, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pá àti pọ́ọ̀kì máa ń wá. Ìgbà tí mo lè gbà kí ẹ lò ó ni ìgbà tí ẹ ṣì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró lórí síkéètì, tí kò tíì sí pọ́ọ̀kì nílẹ̀. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ààbò orúnkún onítìmùtìmù nípọn ju ti họ́kì lọ fún ẹni tó ń ju orúnkún sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Láàárín ti orí yìnyín àti ti inline, ìjà náà kò le tó bí àwọn olùtajà ṣe ń sọ ọ́. Àwọn méjèèjì ní ike líle tó bo ojú orúnkún tó sì bo ojúgun, fóòmù sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ti orí yìnyín nípọn jù, ó yí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ká ju ti inline lọ, ó sì gbóná. Ti inline ní ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, aṣọ inú rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó tẹ́ẹ́rẹ́ kó lè wọ abẹ́ ṣòkòtò gígùn láìdi ìṣòro. Ẹni tó ń gbé Houston tàbí Dallas, tó sì ń gbá a níta nínú oṣù Kéje, kò nílò kí n ṣàlàyé ìwúlò ihò fún un. Àmọ́ ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn, tó máa ń dúró níwájú ẹni tó fẹ́ fi gbogbo agbára gbá pọ́ọ̀kì, kó mú ti orí yìnyín, kó sì fara da ooru. Nínú gbogbo ohun tí a máa mẹ́nu bà lónìí, èyí nìkan ni ẹ lè rà níbi ọjà orí yìnyín láìronú lẹ́ẹ̀mejì.

Sáìsì ni iṣẹ́ wà. Íǹṣì ni wọ́n fi ń kà á. Àgbàlagbà tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 8 sábà máa ń wọ 14 tàbí 15, ṣùgbọ́n ẹ má fi gíga ra á, nítorí ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn gùn ju ara wọn lọ. Ẹ wọ síkéètì yín, ẹ so okùn rẹ̀ bí ẹ ṣe máa so ó lọ́jọ́ eré, kí ẹ jókòó sórí àga, kí orúnkún tẹ̀. Ẹ mú téèpù télọ̀, ẹ wọn ẹsẹ̀ láti àárín ojú orúnkún dé ibi tí ẹnu bàtà ti bẹ̀rẹ̀. Iye íǹṣì tó bá jáde ni sáìsì yín. Àwọn kan máa ń ki ìsàlẹ̀ rẹ̀ bọ abẹ́ ahọ́n bàtà, àwọn mìíràn á jẹ́ kó wà lórí ahọ́n náà. Ìwọ̀n méjèèjì lè yàtọ̀, torí náà ẹ pinnu èyí tí ẹ fẹ́ kí ẹ tó fa téèpù.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wọ̀ ọ́, ẹ dìde, kí ẹ tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ sáré. Bí ike orúnkún bá ti òkè kúrò níbi tí ó yẹ kó wà, ó gùn jù: bàtà ló ń tì í sókè. Bí ẹ bá rí ìbọ̀sẹ̀ láàárín ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti bàtà, ó kúrú. Ẹ fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ orúnkún, níta àti nínú, kí ẹ wò ó bóyá ààbò bò ó, nítorí ọ̀pá kì í sábà wá láti iwájú.

Ohun kan wà tí àwọn tó ti ń gbá orí yìnyín tẹ́lẹ̀ máa ń gbàgbé. Lórí yìnyín, ìbọ̀sẹ̀ nínípọn máa ń bo ààbò ojúgun, òun náà á sì máa dì í mú. Nínú inline, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wọ ìbọ̀sẹ̀ yẹn mọ́, ṣòkòtò ni wọ́n ń fi bò ó. Okùn alẹ̀mọ́ nìkan ló wá kù tó ń dì í. Èyí tó ní okùn kan ṣoṣo yóò máa yí kiri lẹ́sẹ̀ kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí. Ẹ wá olókùn méjì ó kéré tán, ọ̀kan lábẹ́ orúnkún, ọ̀kan nísàlẹ̀. Bí ẹ bá sì ti ra olókùn kan, téèpù ìbọ̀sẹ̀ lè tún un ṣe.

Girdle ni, àbí ṣòkòtò péńpé orí yìnyín?

Èyí ni ibi tí owó ti ń ṣòfò jù. Ṣòkòtò péńpé orí yìnyín ni èyí tó wú bàmùbàmù, tó ní okùn níwájú, tó sì kún fún tìmùtìmù láti ìbàdí dé òkè orúnkún. Girdle ni ṣòkòtò tó dì mọ́ra, tí wọ́n rán tìmùtìmù mọ́ ìbàdí, itan, ìdí àti ẹ̀yìn ìsàlẹ̀, tí a sì ń wọ̀ sábẹ́ ṣòkòtò gígùn.

Nínú agbára ìdáàbòbò lásán, ti orí yìnyín ló borí, kò sí àríyànjiyàn. Iwájú itan rẹ̀ nípọn, ó sì dáàbò bo kíndìnrín dáadáa. Ṣùgbọ́n ó fẹ̀, ara kì í gbá a mú. Bí ẹ bá fi ẹ̀gbẹ́ ṣubú lórí táìlì, ó lè yí, kí egungun ìbàdí kan ilẹ̀ níbi tí tìmùtìmù kò sí mọ́. Ó tún gbóná púpọ̀. Èyí tó burú jù lójú tèmi ni pé orúnkún ló parí sí, ìbọ̀sẹ̀ ló sì kù láti bo ìyókù ẹsẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ á ya lórí ọ̀dà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá fẹsẹ̀ fà nílẹ̀.

Girdle kò nípọn tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ibi tí wọ́n bá fi tìmùtìmù rẹ̀ sí ló máa ń wà. Ó ń tẹ̀lé ẹsẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀. Nítorí pé kò sí ẹni tó ń fi ara gbá wa mọ́ ògiri, nínípọn tó pàdánù náà kò tó nǹkan. Girdle ni mo bá lọ fún gbogbo ẹni tó ń gbá inline, àyàfi ẹni tó ti ní ti orí yìnyín nílé tó sì ń gbá a nínú gbọ̀ngàn nìkan. Ìyẹn kò pọn dandan kó ná owó mìíràn ní ọdún yìí.

Oríṣi kẹta tún wà, ṣòkòtò àbẹ́wọ̀ tó fà, tí wọ́n lẹ fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ lára, tí àwọn tó ń kọ́ síkéètì àti àwọn tó ń fi pátákó yọ̀ lórí òjò dídì máa ń wọ̀. Òun ló rọrùn jù lówó. Ó dáàbò bo ìdí àti ìbàdí bí èèyàn bá ṣubú, ṣùgbọ́n iwájú itan rẹ̀ kò lè gba pọ́ọ̀kì. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìdánrawò.

Gbogbo girdle kò dọ́gba o. Ẹ tẹ àtàǹpàkò mọ́ ibi egungun ìdí, lẹ́yìn, níbi tí ẹ̀yìn ti parí. Bí ìka yín bá kan òdìkejì wẹ́rẹ́, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ. Ẹni tó bá jẹ́ tuntun sábà máa ń ṣubú sẹ́yìn, ẹni tó bá sì fi ìdí kan kọnkéré rí kò ní gbàgbé. Èyí tó dára ní ike líle tàbí fóòmù olójú méjì níbẹ̀ àti lára ìbàdí; fóòmù rírọ̀ nìkan kò tó. Fún gígùn, ẹ wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ààbò ojúgun kí ẹ sì jókòó. Tìmùtìmù itan gbọ́dọ̀ gun orí ike orúnkún ní íǹṣì kan sí méjì. Bí ẹ bá rí ẹran ara láàárín wọn, ó kúrú fún yín, bó ti wù kí ìbàdí rẹ̀ bá yín mu tó.

Ṣòkòtò òkè

Ṣòkòtò gígùn inline kì í ṣe fún ẹwà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀ rẹ̀ ló ń gba ojú àwọn ọ̀dọ́. Òun ló ń fà nílẹ̀ dípò awọ yín. Nylon líle ni ojúlówó rẹ̀, orúnkún rẹ̀ ní aṣọ ìlọ́po méjì, afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀yìn itan rẹ̀, okùn tàbí bẹ́líìtì sì wà níbàdí tí a lè fà. Ṣòkòtò eré ìdárayá lásán kò lè rọ́pò rẹ̀. Ìyẹn á gbóná mọ́ awọ bí ẹ bá fà nílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì bọ́ sábẹ́ táyà. Mo ti rí ẹni tí ṣòkòtò tirẹ̀ gbé ṣubú láìsí ẹnikẹ́ni nítòsí.

Gígùn tó tọ́ ni èyí tó bo okùn bàtà tí kò sì kan táyà nígbà tí ẹ bá dúró tí ẹ tẹ orúnkún díẹ̀. Ẹ yan èyí tí ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ ní alẹ̀mọ́ tí a lè fi dín in. Kí ẹ sì wọ girdle lọ sí ilé ìtajà, torí sáìsì tí ẹ máa ń wọ̀ sí ọ́fíìsì kò ní gba tìmùtìmù lábẹ́.

Ààbò abẹ́

Kò sí ohun tí a fẹ́ fi ìtìjú bò níbí. Ọkùnrin nílò kọ́ọ̀pù ike, obìnrin náà ní tirẹ̀ tí wọ́n ṣe fún egungun abẹ́, òun náà sì ṣe pàtàkì. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà wọ̀ ọ́: onírọ́bà tó yí itan ká, ṣòkòtò àbẹ́wọ̀ tó dì mọ́ra tó ní àpò kọ́ọ̀pù, àti girdle tó ti ní àpò náà nínú. Ti àárín ni mo fẹ́ràn jù. Onírọ́bà máa ń yẹ̀ nígbà tí èèyàn bá ń yà sọ́tùn-ún sósì, kọ́ọ̀pù tó bá sì yẹ̀ lè ṣeni léṣe ju àìwọ̀ rẹ̀ lọ. Ti inú girdle dára bí girdle náà bá dì dáadáa. Bó bá ti ń tú, kọ́ọ̀pù á tẹ̀lé e.

Bàtà náà jẹ́ ààbò

Síkéètì tí wọ́n fi ń rìn kiri ní pápá ìgbafẹ́ ní bàtà rírọ̀ níwájú àti bíréèkì lẹ́yìn. Ti họ́kì ní ike líle tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ le ní kókósẹ̀, kò sì ní bíréèkì. Pọ́ọ̀kì kan lórí ìka ẹsẹ̀ yóò fi ìyàtọ̀ náà hàn yín. Bí ẹ kò bá tíì ní owó fún ohun gbogbo, ẹ lè yá ti họ́kì lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ yín dípò kí ẹ wọ inú eré pẹ̀lú ti ìgbafẹ́.

Líle táyà náà wà lára ọ̀rọ̀ yìí, nítorí táyà tí kò di ilẹ̀ mú ló ń múni ṣubú. Wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà àti lẹ́tà A sára rẹ̀; bí nọ́ńbà náà bá ṣe ga tó ni táyà ṣe le tó. Nínú gbọ̀ngàn onítáìlì, 72A sí 78A ló ń di ilẹ̀ mú. Lórí ọ̀dà, ẹ lọ sí 80A sókè, nítorí ti gbọ̀ngàn á jẹ tán níbẹ̀ kíákíá. Táyà ọ̀dà nínú gbọ̀ngàn ló léwu jù, yóò máa yọ̀ nígbàkígbà tí ẹ bá yà.

Ohun kan wà tí olùtajà lè fẹ́ tà fún yín tí ẹ kò nílò: ìbọ̀sẹ̀ tí ọ̀bẹ kò lè gé. Nítorí irin mímú abẹ́ bàtà orí yìnyín ni wọ́n ṣe é. Táyà kò gé ẹnikẹ́ni. Ẹ fi owó náà kún ti girdle.

Fún àwọn ọmọdé

Àwa òbí mọ bí a ṣe ń ra yunifọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́: a ó ra èyí tó tóbi, ọmọ á dàgbà bá a. Ẹ má ṣe é níbí. Ààbò ojúgun tó gùn ní íǹṣì méjì yóò ti ike orúnkún kúrò lójú orúnkún, ọmọ náà yóò sì ṣubú lé ibi tí a rò pé a ti bò. Girdle tó tú á sọ̀kalẹ̀. Ohun tó yẹ ni kí ẹ ra àlòkù tó bá ọmọ mu lónìí, kí ẹ sì tà á fún ẹlòmíràn nígbà tó bá dàgbà kúrò nínú rẹ̀. Ìyá ọmọ mìíràn nínú ẹgbẹ́ náà á ti máa wá a.

Ti aṣọ́lé kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ààbò ẹsẹ̀ ńlá rẹ̀ àti tìmùtìmù itan rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, owó rẹ̀ náà kò sì jọra. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ní ti wọn tí wọ́n ń yá aṣọ́lé tuntun. Ẹ béèrè kí ẹ tó rà.

Àlòkù

Ààbò ojúgun àlòkù kò burú, bí ike rẹ̀ kò bá ní ìlà tó sán. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn níwájú iná, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí ike orúnkún ti pàdé ti ojúgun, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sán. Okùn alẹ̀mọ́ tó ti gbó kì í ṣe ìṣòro, ẹ lè rí tuntun rà. Nínú girdle, ẹ tẹ fóòmù, kí ẹ sì wò ó bóyá á tètè padà sípò. Èyí tó bá tẹ̀ tí kò sì padà ti kú. Òórùn lè jáde bí ẹ bá fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ nínú omi tútù àti ọṣẹ, tí ẹ sì sá a síbi tí afẹ́fẹ́ wà. Ẹ má gbé e sórí ẹ̀rọ ìmóoru, ooru á jẹ́ kí fóòmù gbó. Kọ́ọ̀pù ni kí ẹ ra tuntun nígbà gbogbo.